Ẹ má sáré lábẹ́ omi: bí wọ́n ṣe ń mòòkùn skúbà kó dùn

Láti ìgbà tí mo ti Dubai padà sílé ní Òṣogbo, ìbéèrè méjì làwọn èèyàn máa ń bi mí tí wọ́n bá ti rí fọ́tò mi lábẹ́ omi nínú fóònù. Àkọ́kọ́, "Ṣé o rí Mámíwọtà?" Ìkejì, "Báwo lo ṣe jìn tó?" Mi ò rí Mámíwọtà o. Ìkejì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun gan-an ló ń ba ìmòòkùn skúbà (kéèyàn gbé sílíńdà atẹ́gùn pọ̀n, kó máa mí látinú ẹ̀ lábẹ́ omi) jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àtẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àtẹni tó ti wọ̀ ọ́ tó ìgbà 200.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe síkúríítì lọ́hùn-ún. Tí mo bá ti rí ọjọ́ méjì sinmi báyìí, Fujairah ni, ẹ̀gbẹ́ òkun tó wà lódìkejì òkè olókùúta, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ skúbà, níbi tí alábahun òkun ti máa ń gba ẹ̀gbẹ́ èèyàn kọjá bí ìyá àgbà tó ń ti ọjà Ìgbọ̀nà bọ̀, kò ní sáré, kò sì ní wojú ẹnikẹ́ni. Òòkùn tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo èyí tí mo mù, mítà 9 péré ni, ìṣẹ́jú 58. Alábahun kan ló ń jẹun lára òkúta, èmi àti ẹnìkejì mi kàn dúró tì í lọ́ọ̀ọ́kán, ó jẹun, ó lọ mí lókè, ó tún padà wá sídìí oúnjẹ ẹ̀. Nígbà tá a máa jáde, báà 70 ṣì kù nínú sílíńdà mi (báà ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí atẹ́gùn ṣe ki tó nínú ẹ̀). Èyí tó burú jù ńkọ́? Mítà 29, lẹ́yìn tí mo gba sátífíkéètì kejì, ìṣẹ́jú 17, mi ò rántí ẹja kan ṣoṣo níbẹ̀, géèjì nìkan ni mò ń wò, àyà mi sì ń lù kì-kì-kì.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá bi mí, òòkùn tó dáa ni kí èémí yín balẹ̀, kí atẹ́gùn ṣì kù nílẹ̀ tẹ́ ẹ bá jáde, kí ẹni tẹ́ ẹ jọ wọlé ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó sì máa ṣe yín bíi kẹ́ ẹ tún padà síbẹ̀. Ẹja tó bá wá kí yín, ènì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èémí torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Nǹkan tó wà nínú sílíńdà ẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ọ́síjìn bíi ti ọsibítù o, atẹ́gùn tá à ń mí kiri ìgboro náà ni, wọ́n kàn fi ẹ̀rọ kì í mọ́nú ẹ̀ títí tó fi dé nǹkan bíi báà 200, ìyẹn ìlọ́po igba bó ṣe wà níta. Rẹgulétọ̀ tẹ́ ẹ fi ẹnu há ló ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ dé ìwọ̀n bí omi ṣe ń tẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá fà á á fún yín, tẹ́ ẹ ò bá fà á á dákẹ́. Àwọn ará Faransé méjì, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan, ló ṣe irú ẹ̀ jáde ní 1943, ọgbọ́n ọjọ́ náà lọ́hùn-ún la ṣì ń lò.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò ibẹ̀. Gbogbo mítà 10 tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú òkun, bí omi ṣe ń tẹ̀ yín á fi odindi ẹyọ kan lé sí i. Ní mítà 10 ó di ìlọ́po méjì ti òkè, ní 20 ó di mẹ́ta, ní 30 ó di mẹ́rin, atẹ́gùn tẹ́ ẹ bá sì fà símú á máa ki ní ìlọ́po bẹ́ẹ̀ náà. Ìyẹn ni pé sílíńdà tó máa gbé yín fún wákàtí kan ní mítà 10, ìṣẹ́jú 40 ló máa gbé yín ní 20, ìṣẹ́jú 30 ní 30, èémí yín ò tíì yí padà o, àfi jíjìn nìkan. Ẹ wá sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ lọ wá nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó bẹ́ẹ̀? Iyùn tó ń hù lórí òkúta inú òkun fẹ́ oòrùn, ẹja fẹ́ràn ibi tí iyùn bá wà, oòrùn sì wà lókè. Sátífíkéètì àkọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ má kọjá mítà 18, ìkejì ní 30, fún àwa tá a kàn ń ṣe fàájì, 40 ni òpin ẹ̀. Òpin ni wọ́n pè é, wọn ò ní kẹ́ ẹ debẹ̀ dandan. Tó bá sì ti tó bíi mítà 30 náítírójìn inú atẹ́gùn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn kan bí ọtí, èèyàn á máa rẹ́rìn-ín sí ògiri òkúta, ẹ̀rín ẹ̀ ò wá ní bá ẹnikẹ́ni lára mu.

Báwo la wá ṣe ń mí? Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ògì gbígbóná kẹ́ ẹ tó gbé e sẹ́nu, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kì í ṣe fùú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fà á sínú wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ka ení dé ẹ̀rin, ẹ wá fẹ́ ẹ jáde bíi ti ògì yẹn, ẹ ka ení dé ẹ̀fà. Kò sí ìdádúró láàárín, ẹ ò gbọdọ̀ sé èémí láéláé. Mo máa tún un sọ torí òun lòfin àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kọ́ yín níbikíbi láyé yìí: ẹ má sé èémí. Tẹ́ ẹ bá fi atẹ́gùn kún ẹ̀dọ̀fóró ní mítà 10 tẹ́ ẹ wá sé e mọ́nú tẹ́ ẹ gòkè, atẹ́gùn yẹn fẹ́ di ìlọ́po méjì kẹ́ ẹ tó yọrí, ẹ̀dọ̀fóró ò sì ní ibi tó máa tò ó sí, yíya ló máa ya. Àwọn tó ti ń wẹ odò láti kékeré lèyí máa ń ṣòro fún jù, torí sísé èémí ti mọ́ wọn lára, èmi tí mi ò mọ odò wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, kíá lèmi kọ́ ọ.

Ẹ fi ọwọ́ yín sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ ká a sáyà tàbí kẹ́ ẹ di ara ẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ ló ń wa ọkọ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ pa omi kiri bí ẹni lé eṣinṣin, ìdajì wákàtí ò ní pé tí sílíńdà ẹ̀ á fi gbẹ, gbogbo yín lẹ sì máa bá a jáde, ojú á wá máa tì í nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ohun kejì tó ń jẹ atẹ́gùn ni òjé, irin wíwúwo tá a máa ń dè mọ́ ìdí ká lè rì. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ á ní ẹ̀rù ń ba àwọn pé àwọn ò ní rì, olùkọ́ tó ń kánjú náà á tún dì í mọ́ wọn nídìí bí ẹrù ọjà, kó lè yá. Ìyà ló máa fi jẹ yín. Òjé tó bá pọ̀ jù á fà yín nílẹ̀, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sínú jákẹ́ẹ̀tì aláfẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ wọ̀ kó lè gbé yín sókè, jákẹ́ẹ̀tì á gbé àyà, òjé á fa ìdí, ẹ ó wá dúró gẹ́lẹ́ńté bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́, gbogbo ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ju ló ń da yanrìn rú sójú àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lókè omi kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀: ẹ tú atẹ́gùn inú jákẹ́ẹ̀tì dànù, ẹ mí sínú níwọ̀nba, ẹ dúró, ó yẹ kí omi wá dé ọ̀gangan ojú yín. Tẹ́ ẹ bá wá mí síta, kẹ́ ẹ máa rọra rì lọ. Tẹ́ ẹ bá rì bí òkò, ẹ yọ díẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rántí pé omi iyọ̀ ń gbé èèyàn ju omi odò lọ, òjé tó tó yín nínú púùlù ò ní tó nínú òkun, ẹ tún un yẹ̀ wò lójú ibẹ̀.

Tí òjé bá ti bá a mu, ẹ ó wá rí i pé èémí ni jákẹ́ẹ̀tì yín gangan. Ẹ mí sínú, ẹ ka ení, èjì, ara á gbéra díẹ̀. Ẹ mí síta, á bọ̀ wálẹ̀. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ibẹ̀ làwọn tuntun ti ń kánjú tẹ bọ́tìnì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú jákẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí èyí bá wọ̀ yín lára, ẹ ó kàn máa fò lókè iyùn láì fara kàn án, mi ò mọ nǹkan tí mo lè fi wé e. Ẹ má sì fara kàn án lóòótọ́ o, nǹkan tó lẹ́mìí ni iyùn, bó ṣe rí bí òkúta yẹn kó má tàn yín jẹ, ẹsẹ̀ kan péré lè ṣẹ́ ohun tó ti ń hù láti ìgbà tí wọn ò tíì bí yín. Ọmọ Òṣogbo kì í nílò àlàyé jù lórí èyí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹja tó wà nínú igbó Ọ̀ṣun, ẹnikẹ́ni kì í pa á, ẹ kàn mú ìwà yẹn dání lọ sókun.

Etí. Omi á máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ di imú, ẹ rọra fẹ́ ẹ, tàbí kẹ́ ẹ gbé itọ́ mì, etí á là "tó". Ẹ ṣe é kó tó dùn yín, ní mítà kọ̀ọ̀kan, pàápàá mítà 10 àkọ́kọ́ torí ibẹ̀ ni bí omi ṣe ń tẹ etí ti ń yí padà jù. Tó bá dùn yín, ẹ gòkè mítà kan, ẹ tún un ṣe, tó bá kọ̀ jálẹ̀, ó parí fún tòní, ẹ lọ jẹun. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe kó má wọmi, kó má sì lo oògùn ọ̀fìnkìn torí kó lè wọ̀ ọ́, oògùn yẹn lè ṣíwọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá wà nísàlẹ̀, etí á wá tì pa tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde.

Fọ́ọ̀mù ìlera tí wọ́n máa ń fún èèyàn kọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi "mi ò ní nǹkankan lára" kọ ọ́. Asimá, ọkàn, wárápá, iṣẹ́ abẹ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ẹ kọ gbogbo ẹ̀. Aláboyún ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ rárá. Mo rí ẹ̀gbọ́n kan tó gba agbo jẹ̀dí mọ́tí láàárọ̀ kó tó wá, wọ́n ní kó jókòó sínú ọkọ̀, ó bínú títí alẹ́, àmọ́ wọ́n ṣe é dáadáa. Omi lẹ máa mu, ẹ mu ún dáadáa.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti èmi. Ọjọ́ kẹrin tí mo wọmi, ní mítà 12, ẹja ńlá kan kọjá, inú mi dùn débi pé mo yíjú sí olùkọ́ wa, mo na àtàǹpàkò sókè sí i, ìyẹn ni pé ó ń dùn gan-an ọ̀gá. Ó wò mí. Mo tún nà án, mo tún fẹyín rẹ́rìn-ín. Ó di apá mi mú, ó kó gbogbo wa jáde. Lábẹ́ omi, àtàǹpàkò sókè, "mo fẹ́ gòkè" ló túmọ̀ sí, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ìdí, gbogbo yín lẹ máa lọ. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là tẹ́ ẹ fi ṣe òbìrípo ni "kò séwu". Tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ tẹ́ ẹ wá ń mì í síbí sọ́hùn-ún, "nǹkan ò lọ dédé" nìyẹn, kẹ́ ẹ sì fi ìka tọ́ka síbi tó wà, bóyá etí, bóyá másìkì. Àwọn méje tó wà pẹ̀lú mi lọ́jọ́ náà ò tíì dárí jì mí.

Ohun tí mo fà yọ níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ tó wọ omi, ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín ẹ sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Báwo la ṣe fẹ́ jìn tó, ta ló ń ṣíwájú, iye báà wo la máa yí padà, tá a bá wára wa tì ńkọ́? (Ìdáhùn ìyẹn: ẹ wò yíká fún ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ rọra gòkè, òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀.) Ẹ wá yẹ ara yín wò, jákẹ́ẹ̀tì ń gba atẹ́gùn ó sì ń tú u, òjé há dáadáa, bẹ́líìtì gbogbo dì, sílíńdà ṣí pátápátá kẹ́ ẹ sì mí lẹ́nu rẹgulétọ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ máa wo géèjì, tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ bá ń jó, sílíńdà ò ṣí tán nìyẹn. Àwọn ògbólógbòó ló máa ń fò ó. Wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Àwọn náà lẹ máa rí tó bẹ́ sómi láìwọ bàtà ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

Tẹ́ ẹ bá ti wà nísàlẹ̀ tí ara ti balẹ̀, ẹ wo àwọ̀ nǹkan. Pupa ló ń kọ́kọ́ lọ, mo so aṣọ pupa kan mọ́wọ́, nígbà tó fi máa di mítà 15 ó ti dà bí àmùpé tó ti bàjẹ́, búlúù ló ń kù sẹ́yìn. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún wa lọ́mọdé, pé nígbà tí igi wó sódò nígbà tí wọ́n ń tẹ ìlú yìí dó, ohùn kan jáde látinú omi pé ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi. Òṣogbo ìlú aró. Ẹni tó bá ti wo òkun látinú wá ò ní bá ìtàn yẹn jà. Tẹ́ ẹ bá mú tọ́ọ̀ṣì dání tẹ́ ẹ tàn án sára iyùn, pupa á tún padà.

Ó ku bí a ṣe ń jáde, kẹ́ ẹ sì fi sọ́kàn torí ìdajì fàájì wà níbẹ̀. Tó bá ku báà 100 ẹ ti yẹ kẹ́ ẹ máa kọjú sọ́nà ilé, kẹ́ ẹ sì yọrí pẹ̀lú báà 50 ó kéré tán. Ẹ má gòkè ju mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan lọ, kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ so mọ́wọ́ bí aago á pariwo tẹ́ ẹ bá ń sáré. Ní mítà 5, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣé ẹ mọ kẹ́ẹ̀gì ẹmu tí wọ́n dé pa látàárọ̀? Tẹ́ ẹ bá ṣí i lójijì, ìfófòó á bo gbogbo ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá rọra tú ìdérí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á jáde wọ́ọ́rọ́. Náítírójìn tí omi tẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ yín, bó ṣe ń ṣe nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sáré gòkè á hó sínú oríkèé àti iṣan, ó lè rọ èèyàn lápá lẹ́sẹ̀.

Ọmọ Nàìjíríà ló tiẹ̀ fún ayé ní àpẹẹrẹ ẹ̀. Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó rì ní etí òkun Escravos ní May 2013, ó tó wákàtí 60 tó wà nínú ìwọ̀nba atẹ́gùn tó há sínú ọkọ̀, nísàlẹ̀ bíi mítà 30, kí àwọn tó wá gbé òkú tó bá a láàyè. Wọn ò lè fà á jáde tààrà, wọ́n ní láti gbé e sínú yàrá irin tí wọ́n ti ń rọ atẹ́gùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ohun tó ju ọjọ́ méjì lọ. Òun náà padà lọ kọ́ iṣẹ́ ìmòòkùn. Èèyàn líle.

Nítorí náítírójìn yìí kan náà, ẹ má wọ bàálù kété tẹ́ ẹ bá jáde. Wákàtí 12 lẹ́yìn òòkùn kan ṣoṣo, 18 tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ ni tàbí ọjọ́ bíi mélòó kan léra wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ká mu ọ̀kan àmújáde láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ mu tíì.

Ní ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Òṣogbo tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má lọ sódò Ọ̀ṣun, omi ọlọ́wọ̀ ni, ó sì pọ́n débi pé ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. Oyè ọba wa náà, Àtáọ́ja, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja ni, odò ló gbé e wá fún un, kò wọ omi lọ bá a. Ẹ má lọ sí dáàmù náà. Púùlù òtẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ ra másìkì tó bò mọ́ imú (góògù òmùwẹ̀ lásán ò ṣe é lò, ẹ ò ní lè fẹ́ imú), ẹ gbé e lé ojú láìso okùn ẹ̀, ẹ fa imú díẹ̀, tó bá dúró láìjábọ́, ó bá yín mu. Ẹ kọ́ bẹ́ ẹ ṣe lè wẹ mítà 200 láìdúró, kò ní kó yá, kẹ́ ẹ sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀pá ìmí sẹ́nu, ẹ dojú bolẹ̀ nínú omi, ẹ máa fẹ́ ògì yẹn títí ẹ ó fi gbàgbé pé omi lẹ wà. Àárọ̀ Sátidé ló dáa jù, kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó kó bọ́ọ̀lù wá.